Ràhámọ̀tù Tó Hun Aṣọ Àwọn Oníkoríko

Ràhámọ̀tù kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun pé iṣẹ́ wo lòún mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọdún méjìlélógún tó ti dé Amẹ́ríkà, kò sí fọ́ọ̀mù tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ náà, bákan náà ló sì ń dá gbogbo wọn lóhùn: ó mọ aṣọ fọ̀, ó mọ̀ ọ́n lọ̀, ó mọ̀ ọ́n ká. Òótọ́ sì ni. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ní Evanston ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin méjì ló sì ń wọ̀ láti Homewood tó ń gbé kó tó débẹ̀, ọ̀kan dé àárín ìgboro Chicago, èkejì láti ibẹ̀ lọ sókè. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ lè fi ṣe dígí. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ti máa ń mọ ọjọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kí àwọn tó rí i, láti ojú aṣọ lásán.

Ohun tí kò kọ sí fọ́ọ̀mù kankan ni pé ọmọ Ògotún ní ilẹ̀ Èkìtì lòun, níbi tí ọmọbìnrin ti ń mọ ẹní hun kó tó mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá rẹ̀ hun ẹní títí ó fi kú. Òun náà, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó hun ẹní kan tí àwọn ará Iléṣà wá rà tí wọ́n ní àwọn ò ní tẹ́ ẹ sílẹ̀, ara ògiri ni àwọn máa fi kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ Daud tí wọ́n sì kó wá sílùú òyìnbó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyàwó àwọn ọ̀rẹ́ Daud, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì jẹ́ olùkọ́, ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ta ló fẹ́ dìde láàárín irú wọn kó ní ẹní lòun ń hun? Ràhámọ̀tù pa ẹnu mọ́. Ojú ń tì í, kò sí ìdí tí a ó fi purọ́ fún yín.

Ẹni tó wá tú àṣírí yìí ni Bàbá Málákì tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn. Malachy Brehony ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ Ireland ni, láti abúlé kan ní àgbègbè Leitrim, tí màlúù ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń wí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wá ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Chicago, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Breda, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti kú pẹ̀lú. Nuala, ọmọ tí Breda fi sílẹ̀, ni ẹbí tó kù fún un láyé, kò sì sí ọjọ́ Sunday tí kì í wá wò ó.

Láti ọjọ́ kìíní tí ìdílé Daud ti dé àdúgbò náà, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìgbàkígbà tí Ràhámọ̀tù bá rí bàbá yìí níta ló ń kúnlẹ̀ kí i. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ ìsìnyí, tí wọ́n á kàn mi orúnkún bí ẹni tí kòkòrò jẹ. Orúnkún tirẹ̀ á kan ilẹ̀. Bí yìnyín bá wà nílẹ̀, á kan yìnyín. Níbẹ̀rẹ̀, bàbá máa ń sáré wá gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni. Nígbà tó yé e tán, ó bi í pé ta ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ní ìlú wọn.

“Ẹni tó bá jù wá lọ ni, Bàbá.”

“Ẹni tí ìwọ bá jù lọ ńkọ́?”

“Háà! Kí n kúnlẹ̀ fún ọmọdé? Kí ni mo jẹ gbèsè rẹ̀? Òun ló máa kúnlẹ̀ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ bàbá nínú gan-an. Nuala a sì máa fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ní gbogbo Homewood, ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún lójú títì, bàbá àgbà òun ni, ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi wú báyìí.

Ní oṣù Kejìlá, Nuala mú ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Pablo, ọmọ Puerto Rico kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejì ni, nítorí ọjọ́ yẹn ni gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò ní gúúsù Chicago ṣófo. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ńlá lòun mú. Lọ́dún yìí, ààwẹ̀ àwọn Kátólíìkì àti ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí Wẹ́sìdeé kan náà, Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni Nuala sì mú. Bàbá Málákì gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ní abúlé wọn láyé àtijọ́, àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ìgbéyàwó ń wáyé, nítorí bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, àlùfáà kò ní so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́. Apọ́n tó bá jẹ́ kí àsìkò náà ré òun kọjá, ẹ̀sín ni wọ́n á máa fi í ṣe títí di ọdún tó ń bọ̀.

“Kí lẹ rò?” ni Ràhámọ̀tù wí. “Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ààwẹ̀, gbogbo ìmáàmù Chicago ni ò ní ráyè jẹun nítorí yìgì tí wọ́n ń so.”

Báyìí ni bàbá ṣe wá ń jókòó ní kíṣìnnì Ràhámọ̀tù lọ́sàn-án tí kò bá lọ síṣẹ́, tíì níwájú rẹ̀, tó ń ròyìn ìgbéyàwó abúlé wọn. Ó ní alárenà ló ń wá ìyàwó fún ọmọkùnrin. Ó ní àwọn ará ilé ìyàwó á wá wo oko ọkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkọ tí màlúù rẹ̀ kò bá sì tó nǹkan á lọ yá ti aládùúgbò fún ọjọ́ kan yẹn péré. Ràhámọ̀tù rẹ́rìn-ín débi pé tíì ta sí i lára, ó ní mọ́tò ni àwọn ọmọ tiwa ń yá. Bàbá ní bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, ìyá ọkọ á fọ́ búrẹ́dì lé e lórí kí ebi má bàa mọ ilé náà. Ràhámọ̀tù ní tiwa, omi tútù la fi ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá ní ìyàwó kò gbọdọ̀ padà délé bàbá rẹ̀ títí oṣù kan fi pé. Ràhámọ̀tù ní ìyẹn dáa, nítorí àwọn ìyàwó kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó tú ẹrù tán, wọ́n ti ń di í padà.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníkoríko ni bàbá fi kẹ́yìn. Ó ní bí ìnáwó bá ti gbóná tán, ilẹ̀kùn á ṣí, àwọn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò pè á wọlé. Koríko gbígbẹ ni wọ́n á fi bo ara láti ọrùn dé orúnkún, fìlà ṣóńṣó tí wọ́n fi koríko hun á sì bo gbogbo ojú wọn. Wọn kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Olórí wọn á na ọwọ́ sí ìyàwó, wọ́n á jọ jó, bí ijó náà bá sì parí, oríire ti wọlé tọkọtaya nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọ̀kan nínú wọn mọ̀ kí ijó tó parí, tí wọ́n pè é lórúkọ, oríire náà ti dà sílẹ̀. Ní abúlé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́.

Ràhámọ̀tù fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú, mùsùlùmí ni mí. Ṣé òkú ló máa ń wọ koríko yẹn?”

“Òkú kẹ̀? Àwọn ọmọ aládùúgbò tí wọn ò rí pè ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n. A kàn gbà láti má dá wọn mọ̀ ni.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní nígbà tí Breda fẹ́ ṣègbéyàwó, òun wá ẹni tó mọ koríko hun ká gbogbo Chicago, òun kò rí. Òun ní kò ṣe nǹkan, ayé ti lajú. Àwọn oníkoríko kò wá. Ọmọ ogójì ọdún ni Breda nígbà tí àìsàn gbé e lọ.

“Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni,” ni bàbá wí. “Kì í ṣe koríko ló pa ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè tún jókòó kí n máa wo ìgbéyàwó Nuala láìsí wọn. Mo fẹ́ kí mẹ́fà wọn wá, kí n jẹ́ olórí wọn, kí n bá a jó, kó má mọ̀ pé èmi ni títí ijó á fi parí. Ohun kan tí mo ṣì ń fẹ́ láyé nìyẹn. Mi ò kàn mọ ẹni tó máa hun ún.”

Ràhámọ̀tù gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ gbé koríko wá.”

Daud ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó máa ń rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ó sì máa ń fẹ́ bá ilé bó ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé, ìdì koríko mẹ́jọ ló bá nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí. Ilé ìtajà oúnjẹ ẹṣin kan tó kọjá Park Forest ni Bàbá Málákì ti rà wọ́n.

“Ràhámọ̀, egúngún lo fẹ́ máa dá aṣọ fún nínú ilé mi?”

“Kì í ṣe egúngún, Bàbá Muminat. Mo ti bi wọ́n. Boys àdúgbò lásán ni.”

“Kí ló dé tí wọ́n á fi bo ojú?”

“Torí pé wọn ò invite wọn ni. Ẹ̀yin náà, tí wọn ò bá pè yín sí party, ṣé ẹ máa gbé ojú yín lọ síbẹ̀ gbangba?”

Daud wo ìdì koríko náà. Ó ní kó ṣáà má jẹ́ kí koríko wọ inú ibi tí òun ti ń kírun.

Inú ibi tó ti ń wẹ̀ ni koríko wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní burú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rọ tó kórè koríko náà ti rún un, èyí tó gùn jù níbẹ̀ kò ju ìwọ̀n apá ọmọdé lọ. Bí Ràhámọ̀tù bá ti tẹ̀ ẹ́, á dá. Ọwọ́ tó ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún méjìlélógún ti le, kò gbọ́ ohun tí orí ń sọ fún un. Ó hun fìlà kan tó dà bí agbọ̀n tí ewúrẹ́ jókòó lé. Ó jù ú sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún. Kì í ṣe nítorí fìlà. Ó rò pé ohun kan tí òun mọ̀ ju gbogbo àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì yẹn lọ ti kúrò lọ́wọ́ òun láìdágbére.

Lọ́jọ́ kejì, ó da gbogbo ìdì kan sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí.

“Mọ́mì, there's a farm in our bathtub,” ni Muminat pariwo. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. “Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí? Mo ní class!”

“Lọ wẹ̀ nílé Bàbá Málákì. Òun ló ni oko.”

Koríko tó mu omi rọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wà nínú omi náà ló rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí koríko bá kúrú: á fi ìdí ọ̀kan ki orí èkejì, á lọ́ wọn pọ̀, kó tó tán á ti fi òmíràn sí i, okùn náà kò sì ní lópin. Ràhámọ̀tù lọ́ okùn. Ó lọ́ ọ títí ó fi yí gbogbo pálọ̀ ká. Ara okùn yẹn ló wá so koríko kúkúrú náà mọ́ ní ìpele ìpele, èyí tó wà lókè ń bo ìdí èyí tó wà nísàlẹ̀, bí òrùlé oníkoríko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wo ọwọ́ mọ́. Ó ń bá àwọn ará Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń bá Daud jà nítorí ìyẹ̀fun tó tán, ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni Daud dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wò ó pẹ́, tó ní, “Ràhámọ̀, o mà mọ nǹkan yìí o.” Inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tó gba ìwé ọmọ onílùú lọ, ṣùgbọ́n ó ní kó jọ̀ọ́ kó kúrò níbi tó ti ń dí iná mọ́ òun.

Ó lo ọgbọ́n tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi bàbá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún tó máa bá bàbá wọlé ga, bàbá sì ti ń sún kì. Bí gbogbo wọn bá wọ fìlà kan náà, ojú ẹsẹ̀ ni Nuala máa mọ ẹni tó kúrú láàárín wọn. Nítorí náà, fìlà bàbá ga ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì fi koríko kún èjìká òsì rẹ̀ tó ti tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò, orí wọn dọ́gba bí eyín àgbàdo. Bàbá Málákì fọwọ́ kan koríko àyà rẹ̀. Ó ní èyí tí òun rí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kò dára tó báyìí. Ràhámọ̀tù mọ̀ pé kò pọ́n òun lé, nítorí bàbá yìí kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ni Omar tó ń gbé òdìkejì títì, ọmọ ogún ọdún, ẹni tó ti fi mọ́tò gun òdòdó Ràhámọ̀tù lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì ti jọ sọ ọ́ kíkankíkan. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, Ràhámọ̀tù bá pe Ajíbóyè, ọmọ àbúrò Daud tó ń gbé Park Forest, pé kó wá dí àyè rẹ̀. Ajíbóyè ní òun ní work. Ràhámọ̀tù ní kó lọ gba day off. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Málákì fọwọ́ di ìbàdí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí fún un lọ́dún tó kọjá, ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ lọ sùn. Nuala kò fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Muminat ló ní òun máa gbé e délé. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló gbé e yí sí, níbi tí àwọn márùn-ún ti ń dúró nínú koríko.

Ràhámọ̀tù jókòó sí tábìlì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, kóòkì níwájú rẹ̀, kò sì lè mu ún. Bí koríko kan bá tú ńkọ́? Bí fìlà bá yẹ̀? Ó ti yẹ okùn kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń wo ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò yára. Koríko náà ń dún bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ewé. Iná gbọ̀ngàn mú un, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n bí idẹ. Ariwo dákẹ́ lórí tábìlì kan, lẹ́yìn náà lórí èkejì, títí gbogbo ilé fi pa lọ́lọ́. Obìnrin arúgbó kan tó jẹ́ ará Ireland dìde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ti dé sójú rẹ̀. Àwọn ẹbí Pablo ti yọ fóònù, kò sì sí ẹni tó rántí tẹ̀ ẹ́. Ràhámọ̀tù wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń rìn kọjá láàárín igba èèyàn, orí rẹ̀ wú. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, èmi ni mo ṣe é. Èmi yìí.

Ibẹ̀ ló wà tí olórí wọn fi dé iwájú tábìlì rẹ̀. Ó rọra dúró. Ó tẹ fìlà rẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ pé, ìwọ lo ṣe é.

Orúnkún Ràhámọ̀tù kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kúnlẹ̀ fún bàbá yìí, orúnkún rẹ̀ mọ̀ ọ́n, koríko tàbí kò sí koríko. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dìde lórí àga, ó ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn.

Ó gbójú sókè, ó sì rí Nuala. Ìyàwó dúró ní àárín agbo, ó ń wo ìkúnlẹ̀ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ní gbogbo Homewood. Ojú Nuala tàn, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là, orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Ó yé Ràhámọ̀tù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo tí bàbá ṣì ń fẹ́ láyé, orúnkún òun ló fẹ́ bà á jẹ́. Kò ráyè ronú. Ó dìde, ó kọjá sọ́dọ̀ oníkoríko kejì, ó kúnlẹ̀ fún un, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé, “Ẹ káàbọ̀, sà!” Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún ẹni kẹta. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni kẹrin, Omar sì ni ẹni kẹrin, Omar kan náà yẹn tó fi mọ́tò gun òdòdó rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, abiyamọ, ló kúnlẹ̀ fún Omar tó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ẹni karùn-ún ni Ajíbóyè. Amẹ́ríkà ló gbé dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Koríko ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Ajíbóyè, dúró gbọnin!” Ràhámọ̀tù kò la eyín fi sọ ọ́. “Tó o bá dọ̀bálẹ̀ níbí, I will deal with you.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde now,” ni ohùn kan ń sọ bí ẹni fẹ́ sunkún láti inú koríko. “Please, Àǹtí. Wọ́n á gbọ́ nílé.”

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún ẹni kẹfà, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó padà lọ jókòó. Ó rọra wo àárín agbo. Ẹnu Nuala ti padé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí ẹni tí nǹkan yé. Olórí àwọn oníkoríko na ọwọ́ sí i, Nuala fi tirẹ̀ sí i, gòjé àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀.

Ràhámọ̀tù kò wo ijó. Koríko ló ń wò. Nígbà tí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, ìpele ìsàlẹ̀ ṣí bí agbòjò, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀ nítorí ìbàdí yẹn, Nuala dì í mú, fìlà náà kò sì mì. Ẹyọ koríko kan kò já. Wọ́n jó o dópin. Onígòjé gbé gòjé kúrò ní àgbọ̀n, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ìgbà yẹn ni Bàbá Málákì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà kúrò lójú, irun funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí pẹ̀lú òógùn.

Igbe tí Nuala ké, wọ́n gbọ́ ọ ní títì. Ó dì mọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, koríko sì ń wọ inú aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó fa bàbá wá sí tábìlì Ràhámọ̀tù.

“Ẹ mọ̀ pé ẹ tàn mí!” ló wí. “Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo ní áà, bàbá àgbà mi nìyẹn. Mo ti fẹ́ pè é! Ẹ tún wá kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn. Mo ní ó dáa, bí wọ́n ṣe máa ń kí irú àwọn báyìí ní ìlú yín nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ràhámọ̀tù dá a lóhùn láìsẹ́jú. “Bí a ṣe máa ń kí wọn nìyẹn.” Kí Ọlọ́run dárí jì í.

Wọ́n fa Nuala padà sí agbo. Bàbá Málákì jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràhámọ̀tù, ó ń mí gúlegúle.

“O kúnlẹ̀ fún Omar,” ló wí.

“Mo kúnlẹ̀.”

“Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọ. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi.”

“Bàbá, ẹ gbàgbé ìyẹn.”

“Mi ò ní gbàgbé.” Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. “Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti wá síbi ìgbéyàwó Breda náà lónìí. Ìwọ lo mú wọn wá.”

Ràhámọ̀tù gbé kóòkì rẹ̀ sí i níwájú pé kó mu ún. Ibẹ̀ ni Muminat ti sáré dé láti ẹnu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

“Mọ́mì! Gbogbo èèyàn ló ń wò yín! Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rí i. Ẹ kúnlẹ̀ fún Omar! Ẹ kúnlẹ̀ fún Brother Ajíbóyè! Everybody was staring.”

Ràhámọ̀tù gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀. Obìnrin arúgbó tó sunkún lẹ́ẹ̀kan ti ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, ó ń nawọ́ sí koríko ara Bàbá Málákì, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ta ló ṣe é, ta ló ṣe é.

“Jẹ́ kí wọ́n máa wò mí,” ni Ràhámọ̀tù sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó dìde dúró kí ìyá náà lè rí i.